Èmi àti Ìyá Àṣàkẹ́ Lórí Jangilófà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní ọdún Iléyá tó kọjá. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ jẹun tán o, torí èébì wà nínú ọ̀rọ̀ náà!

Èmi ni Súlè Kápẹ́ńtà. Ẹni tí kò bá mọ̀ mí ní Ìwó, àlejò ni. Ìwé kejì ni mo kà dé tí bàbá mi fi ní kí n wá di òòlù mú. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn òrùlé páànù láti ọjà títí dé ìdí mọ́ṣáláṣí, kí ẹ bèèrè ẹni tó kan èyí tó dára níbẹ̀. Ẹni tí mo bá bá kan òrùlé kì í gbé igbá síbi tó ń jò! Orí òrùlé ilé alájà ni mo ti máa ń jẹ orógbó mi, ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún, bí ológbò. Ta ló tún tó bẹ́ẹ̀?

Àmọ́ ohun kan wà tí n kì í sọ. Lọ́rì! Bí mo bá ti jókòó sínú lọ́rì, tó rìn díẹ̀, itọ́ á kún mi lẹ́nu, òòyì á máa kọ́ mi, inú mi á máa ru bí ògì orí iná. Ìdí tí mo fi ra kẹ̀kẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ló dé tí mo ń fi kẹ̀kẹ́ lọ sí Kuta àti Ilé-Ogbó nígbà tí lọ́rì wà, mo máa ń ní èmi kì í jẹ́ kí ọkùnrin mìíràn wà mí kiri. Ṣé irọ́ nìyẹn? Kì í ṣe irọ́. Kò kàn pé ni.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ìyá àwọn ọmọ mi ti kú. Mo wá rí Àṣàkẹ́, ọmọ Olúpọ̀nnà, tó ń ta ìkòkò lọ́jà wa. Obìnrin tó mọ ohun tó ń ṣe ni. Àṣàkẹ́ gbà fún mi. Bàbá rẹ̀ gbà. Ìyá rẹ̀ nìkan ló kù.

Ha, Ìyá Àṣàkẹ́! Àgbà obìnrin tí í rọra sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ náà á sì gún ọ bí abẹ́rẹ́. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn láti Olúpọ̀nnà wá sí ọjà Ìwó, tàwọn tẹrù lórí. Lọ́rì á kọjá lára wọn, wọn kò ní dá a dúró. Àwọn ènìyàn ní ahun ni wọ́n, pé wọn kò fẹ́ náwó ọkọ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ìyá ti sọ fún Àṣàkẹ́ pé àwọn kò rí ohun tó burú lára mi, àfi ẹnu mi. Wọ́n ní ọkùnrin tó bá ń yin ara rẹ̀ tó báyìí, ó ní ohun tó ń fi bò mọ́lẹ̀. Ẹ gbọ́ mi o! Èmi!

Iléyá dé. Ẹ kúkú mọ̀ pé ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ ènìyàn gbọ́dọ̀ gbé itan àgbò lọ sílé àna. Mo gbé itan tó sanra lọ sí Olúpọ̀nnà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn ìyàwó ilé ń pariwo pé ọkọ àwọn dé. Ìyá Àṣàkẹ́ wo itan, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “A rí i, Kápẹ́ńtà. O ṣeun.”

Ó parí! Kápẹ́ńtà! Wọn kò pè mí ní àna, wọn kò pè mí ní ọkọ ọmọ wọn. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi padà sílé bí ẹni tí ìjì gbé òrùlé rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọdún Iléyá náà kù díẹ̀ kó tán, àwọn ará Ìbàdàn kan gbé jangilófà wá sí pápá ẹ̀yìn ọjà. Ẹni tí kò bá rí i rí, kó fojú inú wo táyà kẹ̀kẹ́ ńlá tí wọ́n fi igi kàn, tí wọ́n gbé nàró láàárín òpó méjì. Wọ́n so àpótí mọ́ ọn yíká. Ènìyàn méjì-méjì á jókòó sínú àpótí, àwọn géńdé á máa fi ọwọ́ yí i, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á dòkè, ẹni òkè á dìsàlẹ̀.

Mo dé ibẹ̀ nínú agbádá ọdún, fìlà abetí ajá tuntun lórí, mo ń wo bí wọ́n ṣe kan igi náà, mo ń fi ibi tí ìṣó kò ti wọlé dáadáa han àwọn ènìyàn. Àfi bí mo ṣe rí Àṣàkẹ́, òun àti bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ àti àwọn ìyàwó ilé wọn.

“Ọkọ wa, ṣé ẹ ti gùn ún?” Ìyàwó ilé kan ló bi mí bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ rò pé mo dákẹ́? Mo ní àwọn ọmọdé ló ń pariwo níbẹ̀. Mo ní ẹni tó ń rìn lórí òrùlé, oorun ni yóò sùn nínú jangilófà! Àṣàkẹ́ ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n mú un mọ níwọ̀n. N kò rí i.

Ìyá Àṣàkẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ó dáa bẹ́ẹ̀, Kápẹ́ńtà. Gbé mi gùn ún. Èmi àti ìwọ.”

Ta ni í kọ iṣẹ́ tí ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ bá bẹ̀ ẹ́? N kò tíì rí i! Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Ìyá tó sọ fún mi pé ńṣe ni àwọn rò pé màá wá àwáwí, pé màá ní àna kì í bá àna jókòó sínú àpótí kan, kí ẹnu mi lè wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwàǹwára kò jẹ́ kí n rò ó. Mo ní, “Ẹ bọ́ síwájú, Ìyá!” Ni àwọn ìyàwó ilé bá fi ariwo ta, pé Ìyá àwọn á fò lónìí! Níbo ni ẹnikẹ́ni nínú wa tún fẹ́ gbà padà? Mo rí i tí Ìyá tú ìró wọn, tí wọ́n tún un ró, tí wọ́n tún tú u. Mo rò pé akin ni.

A gòkè. Yíyí àkọ́kọ́ kò ṣe mí ní nǹkan, mo tilẹ̀ juwọ́. Ìgbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo wo ìsàlẹ̀, mo rí orí àwọn ènìyàn tó ń yí bí ọkà inú ìkòkò. Ẹran Iléyá dìde nínú mi! Itọ́ kún mi lẹ́nu. Mo gbé e mì. Ó tún kún.

Ẹ bá mi rò ó wò. Èmi tí n kò tíì jẹun lójú ìyá yìí rí, ṣé ara ìró wọn ni n ó bì sí? Tàbí orí bàbá Àṣàkẹ́ tó gbójú sókè tó ń wò wá? Bí mo bá fi bì, ìyàwó lọ nìyẹn! Gbogbo súrà tí mo mọ̀ ni mo kà, wọn kò sì pọ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: họ̀ọ̀. Mo yíjú. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ojú wọn ràn kankan.

“Kápẹ́ńtà, ó ń bọ̀ o.”

“Kí ló ń bọ̀, Ìyá?”

Wọn kò lè dáhùn mọ́. Ó yé mi! Mo ṣí fìlà tuntun lórí, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹnu wọn, mo ní, “Bisimilahi!” Gbogbo rẹ̀ sì wọ inú fìlà, ẹ̀kán kan kò kan aṣọ. Bí àpótí wa ṣe yí sí apá ààtàn tó wà létí pápá, mo ju fìlà náà síbẹ̀, ó dìgbòóṣe.

Ìyá nu ẹnu, wọ́n wá wò mí dáadáa. “Ìwọ náà ńkọ́? Kí lò ń gbé mì láti ìgbà tí a ti gòkè?”

Kí ni n ó tún fi pamọ́? Mo ní, “Ìyá, bí lọ́rì ṣe máa ń ṣe mí nìyí.”

“Lọ́rì!” Wọ́n gbá itan mi. “Kí lo rò pé mo fi ń fi ẹsẹ̀ rìn wá sọ́jà?”

Ahun kọ́ o! Ahun kọ́!

Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan jáde, wọ́n fi eyín là á sí méjì, wọ́n fún mi ní ìlàjì. Wọ́n ní kí n máa gbóòórùn rẹ̀, kí n máa lá a díẹ̀díẹ̀, kí n má wo ìsàlẹ̀ mọ́, ibi tó jìn ni kí n máa wò. Háà! Ohun tí mo ń sọ fún àwọn tí mo ń kọ́ níṣẹ́ lórí òrùlé nìyẹn! Báwo ni mo ṣe gbàgbé òfin ara mi? Àwa méjèèjì tẹjú mọ́ ṣóńṣó mọ́ṣáláṣí. A kígbe sí àwọn géńdé pé ó tó. Wọ́n rò pé ó ń dùn mọ́ wa ni, wọ́n tún fi agbára kún un! Síbẹ̀ inú mi ń rọlẹ̀, ń rọlẹ̀, títí wọ́n fi dá a dúró. Ẹ jẹ́ kí ó yé yín kedere: Súlè kò bì!

A sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó ilé ní, “Ọkọ wa, fìlà yín dà?”

Mo ní afẹ́fẹ́ gbé e lọ.

“Afẹ́fẹ́ òkè yẹn kì í ṣe kékeré,” ni Ìyá wí, gbogbo ènìyàn sì gbọ́. Wọ́n wá na ọwọ́. “Ẹ jẹ́ kí àna mi dì mí mú, ẹsẹ̀ mi wúwo.”

Àna mi! Alihamudulilahi! Ara mi fúyẹ́ bí ẹni tó sọ igi ìrólé kalẹ̀ léjìká. Àṣàkẹ́ wò mí, ó wo ìyá rẹ̀, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó wa, Ìyá fi fìlà tuntun dé mi lórí níwájú gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní, “Má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé èyí o.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi àti Ìyá la rẹ́rìn-ín jù.

Kí n tó kọ èyí, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n kọ tèmi mọ́ ọn. Mo ti kọ ọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kí ènìyàn má jẹ ẹran yó kó tó gun ohun tó ń yí. Kó mú ọsàn wẹ́wẹ́ dání. Kó wo ọ̀nà jíjìn. Kó má sì tètè pe ẹnikẹ́ni ní ahun, torí kò mọ ohun tí ẹni náà ń gbé mì.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti bì nínú lọ́rì rí, tó ní ẹ̀fọ́rí ni? Ẹ sọ tiyín, ojú kò ní tì yín lọ́dọ̀ mi.

Bí ẹ bá sì wà nínú lọ́rì ní ọ̀nà Olúpọ̀nnà, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó dé fìlà tuntun, tó ń ti kẹ̀kẹ́, àpò èlùbọ́ lẹ́yìn rẹ̀, tí àgbà obìnrin kan ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má dúró gbé wa. Ẹ juwọ́ sí wa, kí ẹ máa lọ.