Ẹ̀yìn Alágbàfọ̀

Bí alágbàfọ̀ bá ti gbé irin tó fi ń lọ aṣọ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ tirẹ̀. Iṣan á fà, á le bí okùn tí wọ́n fi di ẹrù, ọkùnrin náà á sì dúró gbagidi sídìí tábìlì. Kò ní lè tẹ̀, kò ní lè nà. Gbogbo aṣọ àdúgbò ló ń nà gbọọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wá ká kò.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé, wàhálà yìí kì í pẹ́. Obìnrin náà á rẹ táwẹ̀lì sómi, á fún un, á fi irin lọ̀ ọ́ títí oru á fi máa jáde lára rẹ̀. Á kọ́kọ́ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ wò, kó má bàa gbóná jù, kó tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Iṣan á sì dẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ àná, ọmọbìnrin rẹ̀ wá kí i, ó sì bá a níbi tó ti ń ju táwẹ̀lì gbígbóná sẹ́yìn ara rẹ̀, tí ọwọ́ kò tó ibi tó yẹ. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ibo ló ń dùn yín gan-an?"

Alágbàfọ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń júwe rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò bi í rí, ọwọ́ obìnrin náà kàn máa ń lọ síbẹ̀ ni.

Ọmọ náà tẹ táwẹ̀lì mọ́ ọn lábẹ́ èjìká. "Ṣé ibí ni?"

"Ibẹ̀ náà ni, ọmọ mi. O ṣeun."

Kì í ṣe ibẹ̀ rárá.