Díìsìkì Tí Mo Sin Láàyè

Ní agbo ilé wa ní Ẹdẹ, a kì í jẹ́ kí òkú sùn mọ́jú. Bí ẹnì kan bá pa ipò dà láàárọ̀, kí wọ́n tó pe ìrun Àlàásárì, a ti wẹ̀ ẹ́, a ti kírun sí i lára, a ti sin ín, àwọn àgbà á sì ti máa béèrè omi tútù. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, n kò sì rí àbùkù kankan níbẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún mi ni pé òfin yìí kò kan kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, àdúgbò sì ti sọ mí di Ẹnjiníà. Bí tẹlifíṣọ̀n ẹnì kan bá kọ̀ tí kò tàn, èmi ni wọ́n á ránṣẹ́ sí. N ó débẹ̀, n ó wò ó sùn-ùn, n ó gbá a lẹ́yìn. Bó bá tàn, ìmọ̀ mi ni. Bí kò bá tàn, iná tí wọ́n ń mú wá tí wọ́n ń mú lọ ló bà á jẹ́. Irú oyè báyìí, èèyàn kì í dá a padà.

Igun pálọ̀ wa ni mo gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan sí, èyí tí ètò tí wọ́n ń pè ní Linux ń darí; ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sọnù, wáyà inú rẹ̀ sì yọ síta. Díìsìkì méjì ló wà nínú rẹ̀, mo sì so wọ́n pọ̀ lọ́nà tí wọ́n ń pè ní RAID: gbogbo ohun tí a bá kọ sára ọ̀kan, ẹ̀rọ náà á kọ ọ́ sára èkejì, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, èkejì á ṣì gbé ẹrù náà dúró. Mo fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyàwó mi. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ó ti yé mi. Ṣé ẹ lè sún un mọ́ ògiri, kí n ráyè gbé fáànù mi síbẹ̀?" Mo sún un mọ́ ògiri. Mo tì í débi tí kò lè lọ mọ́.

Fọ́tò pọ̀ nínú ẹ̀rọ yẹn, ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé náà pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan péré ló wà níbẹ̀ tí mo lè tìtorí rẹ̀ sunkún: ohùn bàbá mi. Àgbẹ̀ ni wọ́n, Alájùé ni oko wọn wà, wọ́n sì ti jáde láyé. Lọ́jọ́ kan tí mò ń fi fóònù tuntun gba ohùn sílẹ̀ láti dán an wò, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́, wọ́n ń ráhùn pé iṣu ọjà ni ìyá mi sè fún àwọn. Ìyá mi ní iṣu oko wọn ló le bí igi. Bàbá mi ní, "Ṣé èmi ni mo ní kó le ni?" Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́ mọ́ bàbá mi lẹ́nu, ó sì parí síbẹ̀. Fóònù náà kó sómi nígbà tó yá, àmọ́ mo ti kó ohun inú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Kò síbòmíràn tí ohùn náà tún wà.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí àwọn ará ilé bá ti kírun dé, ìyá mi á wá láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á jókòó sórí àga tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n á ní, "Fi bàbá ẹ sí i fún mi." Wọn kì í kàn gbọ́ ọ lásán, wọ́n máa ń dá a lóhùn ni. Tí bàbá mi bá ti sọ tiwọn, ìyá mi á dáhùn látorí àga, "Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ gbìn ín?" Tó bá parí, wọ́n á mirí, wọ́n á ní ọkùnrin yìí lágídí jù, wọ́n á sì padà sẹ́yìnkùlé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí n kò fi ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́ síbòmíràn. Èmi náà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé RAID kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fàlà sí i nídìí. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n fàlà sí i, èmi sì nu pátákó, mo lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo tẹ àṣẹ tí mo fi máa ń wo àlàáfíà àwọn díìsìkì méjèèjì. Lẹ́tà U méjì ló yẹ kí n rí, ọ̀kan fún díìsìkì kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ náà, U kan ti lọ, ilà pẹlẹbẹ kan ló jókòó sí ipò rẹ̀, lẹ́tà F sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ díìsìkì kìíní. Ohun tí F yẹn ń sọ ni pé ẹ̀rọ kò rí ẹni náà bá sọ̀rọ̀ mọ́. Bóyá ó kú ni, bóyá ó dákú ni, kò sọ. Èmi ni mo sọ ọ́. Àṣẹ kan wà tí a fi ń bi díìsìkì léèrè ibi tó ń dùn ún. Mo mọ̀ ọ́n sórí, n kò tẹ̀ ẹ́. Mo pa ẹ̀rọ, mo tú u, mo yọ díìsìkì náà, mo ní, "Ìnnà lílàhí." Mo wá mú máákà, mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ÒKÚ sí i lára, kó má baà di pé ẹnì kan ṣèèṣì lò ó.

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ pé orí ló ń bá aṣiwèrè ṣe é, ọ̀kan nínú àwọn oní-kóńdẹ́mù, àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri láti gba irin àlòkù, ń kọjá lọ níwájú ilé wa. Mo gbé e fún un. Ìyàwó mi ní, "Kò tíì pé wákàtí kan tẹ́ ẹ jí, ẹ ti rí nǹkan gbé jù nù." Mo fi ohùn olùkọ́ dá a lóhùn pé díìsìkì tó ti kú kì í pẹ́ nílé, kó má kó bá èkejì. Ó ní, "Ikú ń ràn ni?" Mo ní n ó ra òmíràn rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di lónìí-lọ́la. Báyìí ni ẹ̀rọ náà ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo rìn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, iná wá pẹ̀lú agbára, ó lọ, ó tún wá. Nígbà tí mo máa fi dé ìdí ẹ̀rọ, díìsìkì tó kù ń dún kà, kà, kà, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rù bà mí, mo sì ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí n ti ṣe tẹ́lẹ̀. Mo bi í léèrè, kò dáhùn. Mo gbé e sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, kà, kà, kà ló ń dún níbẹ̀ náà. Èyí kú lóòótọ́. Mo wá mú ògbólógbòó díìsìkì kan tí mo mọ̀ pé ara rẹ̀ le, mo so ó mọ́ wáyà tí díìsìkì kìíní ń lò, kí n lè fi tún ẹ̀rọ náà tò. Kò pẹ́, ẹ̀rọ fi F sí òun náà. Mo fa wáyà yẹn jáde, mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀: ó ti ṣẹ́ ní ọrùn, níbi tí mo ti fi ògiri tẹ̀ ẹ́ pa nítorí fáànù. Mo jókòó sórí símẹ́ńtì. Díìsìkì kìíní kò ṣàìsàn rí. Láàyè ni mo sin ín, ohùn bàbá mi sì wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Jímọ̀. Ìyá mi wá, wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Fi bàbá ẹ sí i fún mi." Mo ní, "Màámi, iná ò dáa lónìí." Fáànù ìyàwó mi ń fẹ́ sí wa lára. Wọ́n yíjú wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Iná wo?" Mo ní iná inú kọ̀ǹpútà ni. Wọ́n kàn dìde, wọ́n sì lọ láìrẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọ egungun.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo wá oní-kóńdẹ́mù náà kàn. Ó ní òun ti kó ẹrù òun fún ọ̀gá kan ní Sẹ̀kọ̀nà. Mo gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀. Irin tó wà nínú ọgbà náà ga ju mi lọ: bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò, ilẹ̀kùn mọ́tò. Ọ̀gá náà ní, "Alájì, kí lẹ ń wá?"

Mo ní, "Díìsìkì kan ni. Èmi ni mo jù ú nù. Mo rò pé ó ti kú ni."

"Ta ló kú?"

"Díìsìkì náà ni."

"Kò wá kú mọ́?"

"Kò kú. Wáyà ló ṣẹ́."

Ó ní, "Àbí ẹ̀yin lẹ kọ òkú sára nǹkan?" Mo ní èmi ni. Ó pariwo pe àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n wá wo ọkùnrin náà o. Ó ní àwọn ti fọ́ gbogbo irú rẹ̀ tó wà nílẹ̀, àwọn ti yọ mágínẹ́ẹ̀tì inú wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbà láti fọwọ́ kan èyí. "Ta ló fẹ́ tú òkú olókùú wò? A ò mọ̀ bóyá ẹ fi nǹkan sí i." Ẹsẹ̀ ògiri ni wọ́n gbé e sí lóun nìkan, wọ́n fi páànù bò ó. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín mi dé ẹnu ọ̀nà. Mo bá wọn rín in. Tí wọ́n bá ní kí n jó, ǹ bá jó.

Nígbà tí mo délé, mo so ó mọ́ wáyà tuntun. Mo kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tó ń dùn ún; kò sí. Linux kò kọ́kọ́ gbà á, ó ní ẹni yìí ti kúrò lágbo tipẹ́, mo sì ní láti fi àṣẹ líle gbé e dìde. U kan yọ. Mo wá ohùn náà kàn, mo gbọ́ ìráhùn nípa iṣu, omi bọ́ lójú mi. Mo fi ẹ̀dà rẹ̀ sórí gbogbo fóònù tó wà nílé, títí kan ti àlejò tó wá kí ìyàwó mi.

Àmọ́ gbogbo ohun tó wọlé lẹ́yìn tí mo ti yọ ọ́ ti bá èkejì lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, ìyá mi ti jókòó lọ́jọ́ kan, wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ṣègbéyàwó wá láti ìlú Àrá sínú agbo ilé yìí, mo sì gbà á sílẹ̀ tààrà sínú ẹ̀rọ náà, kí àwọn ọmọ-ọmọ lè gbọ́ ọ. Ìyẹn kò sí níbì kankan mọ́.

Nígbà tí Jímọ̀ dé, mo fi bàbá mi sí i. Ìyá mi dá wọn lóhùn bí ìṣe wọn. Nígbà tó parí, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin.

Wọ́n ní, "Tèmi ló lọ?"

"Tiyín ni, Màámi. Ẹ forí jì mí."

"Ti bàbá ẹ wà?"

"Ó wà."

"Kí ló wá ń pa ẹ́ lẹ́kún? Bàbá ẹ ò lè tún tiwọn sọ mọ́. Èmi ṣì wà níbí. Gbé fóònù ẹ wá."

Mo gbé e síwájú wọn. Wọ́n tún gèlè wọn wé bí ẹni tó ń lọ sóde, wọ́n wúkọ́ díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti Àrá.