Áṣáà Abẹ́ Ètè Sìlífátù

Lọ́jọ́ tí wọ́n mú Sìlífátù ní géètì ilé-iṣẹ́ wọn, kò jí owó, kò sì jí irinṣẹ́. Bébà kan ṣoṣo ni wọ́n bá lára rẹ̀. Ó ká a wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó fi há inú ìbọ̀sẹ̀.

Ó ti lo ọdún mọ́kànlá nílé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé náà, lẹ́yìn ọ̀nà Ọba Àkran ní Ìkẹjà. Páálí ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀: páálí ọṣẹ, páálí oògùn, páálí bisikíìtì, àti ti sìgá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó dúró nídìí tábìlì kan tó ní iná lórí, kí ó máa yẹ bébà tó bá jáde nínú ẹ̀rọ wò, bóyá àwọ̀ rẹ̀ pé, bóyá lẹ́tà kankan kò fọ́. Èyí tó bá bàjẹ́, inú àpótí kan tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ tì ni yóò jù ú sí, títí wọn yóò fi gé wọn wẹ́wẹ́. Ti sìgá ni wọ́n ń ṣọ́ jù. Bí ẹyọ kan bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ayédèrú, ilé-iṣẹ́ lè pàdánù iṣẹ́ náà pátápátá. Sìlífátù gan-an ló máa ń ṣàlàyé èyí fún àwọn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́.

Nígbà tí ìjọba ní kí àwòrán ìkìlọ̀ máa wà lára páálí sìgá, ọ̀dọ̀ wọn ni díẹ̀ lára àwọn àwòrán náà ti ń jáde. Ẹ̀dọ̀fóró tó dúdú bí èédú wà níbẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fi rọ́bà sí nímú wà níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á wò ó, wọ́n á ní, "Háà, sìgá ò daa o." Sìlífátù náà á mirí. Kò fi sìgá kan ẹnu rí láyé rẹ̀.

Áṣáà ló ń lá.

Akokoro ló fà á, ní ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn, nígbà tó lóyún àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ó lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, eyín kò jẹ́ kó sùn, ni ìyá bá bu áṣáà tí wọ́n ti po kaun mọ́, ó ní kó fi sábẹ́ ètè. Ìrora náà rọlẹ̀. Wọ́n padà yọ eyín ọ̀hún, ṣùgbọ́n áṣáà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Láràárọ̀, kí ó tó kí ẹnikẹ́ni, ó ti bù ú sẹ́nu. Bí kò bá rí i lá, orí á máa fọ́ ọ, ọwọ́ á máa gbọ̀n, á máa jágbe mọ́ àwọn ọmọ lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ọ̀dọ̀ Àbẹ̀kẹ́, màmá arúgbó kan tó ń tà á lẹ́yìn ọjà ẹran ní Oko Ọba, ló ti ń rà á, nínú ọ̀rá pélébé tí wọ́n ta ní kókó. Kò sí àwòrán lára ọ̀rá náà, kò sì sí lẹ́tà kankan.

Kàsúmù ọkọ rẹ̀ kò mọ̀. Káfíńtà ni Kàsúmù, òun náà ló sì ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí àdúgbò wọn l'Ọ̀rílé Agége. Bí ó bá ti kù díẹ̀ kó wọlé, Sìlífátù á fọ ẹnu, á da kànáfùrù sí i.

Lọ́jọ́ Ajé kan, àwòrán tuntun dé sórí tábìlì oníná náà. Ẹnu ni. Wọ́n fa ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, ibì kan funfun nínú rẹ̀, ó hunjọ bí awọ tó ti pẹ́ nínú omi, pupa díẹ̀ sì wà láàárín. Sìlífátù yẹ ti àkọ́kọ́ wò, ó yẹ ìkejì wò. Nígbà tó kan ìkẹta, ahọ́n rẹ̀ dá lọ síbi tó máa ń kó áṣáà sí. Ibẹ̀ le. Ó ti pẹ́ tó ti le. Ó rò pé bí àtẹ́lẹwọ́ ọkọ òun ṣe le nítorí iṣẹ́ ni.

Ẹnu yẹn ló ń kọjá níwájú rẹ̀ títí di ọ̀sán. Ó yà sí ilé ìtọ̀, ó fa ètè sílẹ̀ níwájú dígí, ṣùgbọ́n dígí ibẹ̀ ti ṣú, kò rí nǹkan gidi. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ kí òun gbé àwòrán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu òun nílé, nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, kí òun fojú ara òun wò ó bóyá bákan náà ni wọ́n rí. Kò ro ohun mìíràn. Ó yọ ọ̀kan nínú àwọn tó ti bàjẹ́ kí ó tó jù wọ́n sínú àpótí.

Ní géètì, Olúfọlákẹ́, obìnrin tó máa ń yẹ ara àwọn obìnrin wò kí wọ́n tó jáde, fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dúró.

"Ìyá Màrdíyyàh, kí ló ń dún yìí?"

"Kò sí nǹkan."

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yín."

Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ máníjà, Ọ̀gbẹ́ni Olúwarótìmí, tó ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́. Ó tẹ́ bébà náà sórí tábìlì.

"Ta lẹ fẹ́ tà á fún?"

Sìlífátù ń wo bébà náà.

"Màdáàmù, ta ló rán yín? Ẹ sọ fún mi kí n tó pe ọlọ́pàá."

Bí Sìlífátù bá dákẹ́, olè ni. Bí ó bá sọ òótọ́, Olúfọlákẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà á gbọ́, kí ilẹ̀ ọ̀la sì tó mọ́, ó lè dé mọ́sáláṣí. Níkẹyìn, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka méjì fa ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀.

Máníjà wo ẹnu, ó wo bébà, ó tún wo ẹnu.

"Ẹ ń mu sìgá ni?"

"Áṣáà ni, sà. Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá òun náà ni."

"Yéè!" ni Olúfọlákẹ́ wí lẹ́yìn wọn.

Olúwarótìmí ká bébà náà padà. Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Bí mo bá fojú fo tiyín, kí ni n ó sọ fún ẹni tó bá jí i lóòótọ́?" Ó fún un ní ìwé kúẹ́rì pé kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀, ó ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí Sìlífátù ṣe ń jáde, ó tún pè é. "Ẹ lọ sí ọsibítù lọ́la. Ẹ má lọ ra oògùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o."

Dókítà eyín tó rí ní ọsibítù ìjọba, ọ̀dọ́bìnrin tó ń jẹ́ Olúwabùsáyọ̀, tan iná sí i lẹ́nu, ó sì gé bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ọjọ́ mẹ́wàá ni èsì yóò gbà.

"Dókítà, mo ṣáà rò pé sìgá nìkan ló ń fa irú èyí."

"Tábà ni tábà, mà. Ẹ fa èéfín rẹ̀ ni o, ẹ lá a ni o."

"Ọ̀rá tí mo ń rà ò ní ìkìlọ̀ kankan lára."

"Mo mọ̀. Òfin tó de sìgá de áṣáà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ̀ ọ́ lẹ́yìnkùlé, tó ń dì í sínú ọ̀rá, ta ló lọ bá a níbẹ̀?" Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Ẹ má fi sẹ́nu mọ́ láti òní lọ, mà."

Sìlífátù dé ilé, ó da gbogbo èyí tó kù sínú gọ́tà. Lọ́jọ́ kejì, kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti wà ní Oko Ọba. Ẹ̀rù jẹjẹrẹ ń bà á, nígbà tí ẹ̀rù bá sì ń ba Sìlífátù, áṣáà ló máa ń pẹ̀tù sí i lọ́kàn.

Ó ròyìn fún Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín. "Àwọn dókítà wọ̀nyẹn! Ìyá tó bí mi lọ́mọ lá a títí ó fi darúgbó kùjọ́kùjọ́."

"Ẹ jẹ́ n wo inú ẹnu tiyín, mà."

Ẹ̀rín tán lójú Àbẹ̀kẹ́. Ó fi etí gèlè bo ẹnu, ó yíjú sí oníbàárà mìíràn.

Kàsúmù ti ń béèrè ìdí tí kò fi lọ síbi iṣẹ́. Irọ́ kò tọ́jọ́ lẹ́nu Sìlífátù mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń jẹun alẹ́, ó jókòó tì í, ó sọ gbogbo rẹ̀: bébà, kúẹ́rì, ibi funfun, ọdún mẹ́tàlá.

"Mo rò pé o kàn fẹ́ràn kànáfùrù ni," Kàsúmù wí. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè èyí tí Sìlífátù ti ń bẹ̀rù. "Nínú ààwẹ̀ ńkọ́?"

"Mo lá a."

"Lọ́dún wo?"

"Bàbá Màrdíyyàh, ẹ dárí jì mí. Kò sọ́dún tí mi ò lá a."

Ọkọ rẹ̀ fi oúnjẹ sílẹ̀, ó jáde. Sìlífátù gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ẹ̀rọ mọ́sáláṣí bó ṣe ń pe ìrun iṣái, ó gbọ́ ọ tó dúró níbi tí kì í dúró sí, kó tó máa bá a lọ. Nígbà tó padà wọlé, kò wo ojú rẹ̀.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n ní èsì yóò jáde?"

"Tọ́sìdeè."

"A jọ ń lọ."

Ní Tọ́sìdeè náà, dókítà ka bébà èsì, ó tún un kà. "Kì í ṣe jẹjẹrẹ," ni dókítà wí, "ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ ló ń lọ. Bí ẹ bá fi áṣáà sílẹ̀, ó lè padà sẹ́yìn. Bí kò bá padà, a ó gé e kúrò. Ẹ ó máa rí mi lóṣù mẹ́ta mẹ́ta." Kàsúmù ní, "Àlùhámúdùlílàhì." Sìlífátù fún báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ọ̀rá áṣáà kan wà nínú rẹ̀ ní wákàtí yẹn gan-an.

Kàsúmù ló dá ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ tí Sìlífátù gbọ́dọ̀ san padà sílẹ̀, ó ní kí àwọn jọ bẹ̀rẹ̀, Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè. Láàárín ọ̀sán, Sìlífátù ń fara dà á. Ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ni ìyà. Bó bá ti ṣínu tán, gbogbo ara rẹ̀ ni yóò máa béèrè áṣáà. Ọkọ rẹ̀ á jókòó tì í, á máa sọ̀rọ̀ àga àti pákó fún un títí ọkàn rẹ̀ á fi kúrò níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó yọ́ lọ sí Oko Ọba. Òun fúnra rẹ̀ ló padà wá jẹ́wọ́. Kàsúmù mí kanlẹ̀. "A ó tún un bẹ̀rẹ̀," ló sọ.

Wọ́n gbà á padà síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n mú un kúrò nídìí páálí sìgá, wọ́n fi í sí ti oògùn. Ó dùn ún. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, Olúfọlákẹ́ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.

"Ìyá Màrdíyyàh, ẹ má bínú sí mi. Bàbá mi ń lá a, ètè wọn ti wú. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni dókítà yẹn wà?"

Sìlífátù kò kàn júwe ibẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn lọ.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ó ti di àádọ́ta ọjọ́ tí kò fi áṣáà sẹ́nu. Dókítà tan iná, ó pẹ́ níbẹ̀ ju bí Sìlífátù ṣe fẹ́ lọ. Pupa àárín rẹ̀ ti lọ, ó wí. Funfun náà ti dín kù, ṣùgbọ́n kò tíì tán.

Kàsúmù dìde lórí bẹ́ńṣì níta. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ó ń dín kù. Wọ́n ní kí n padà wá."

"Ìgbà wo?"

"Oṣù mẹ́ta sí i."

Ó mirí. Wọ́n jáde lọ wá kẹ̀kẹ́ tí yóò gbé wọn dé Agége. Ọjọ́ ààwẹ̀ ni; oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè ni, Sìlífátù sì ti ń ro ìrọ̀lẹ́, ìgbà tí ara rẹ̀ yóò tún máa béèrè áṣáà.