Má-dá-sí-i Nínú Yàrá Ìyá Rẹ̀

Má-dá-sí-i ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, kì í sì í ṣe èébú. Fíìmù òótọ́, ìyẹn fíìmù ìgbésí ayé èèyàn gidi, ló ń yà, ọ̀nà táwọn ayàwòrán sì ń gbà ṣe é pọ̀. Àwọn kan á máa sọ̀rọ̀ lé àwòrán lórí látìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ẹni pé ojú ń dun òǹwòran. Àwọn mìíràn á fúnra wọn bọ́ síwájú kámẹ́rà, wọn á máa da ìbéèrè bo èèyàn. Ọkùnrin tiwa yìí kórìíra méjèèjì. Kó gbé kámẹ́rà kalẹ̀, kó panu mọ́, káyé máa lọ, ó parí. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi ṣe é, orí kunkun rẹ̀ kò sì kéré.

Nígbà tí ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í da ìyá rẹ̀ láàmú, ilé iṣẹ́ fíìmù kan ní kó wá ya ìyá náà sí fíìmù. Ó gbà kíá, torí ó fẹ́ wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ìyá náà tó gbàgbé òun pátápátá. Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn ń bà á gan-an.

Àmọ́ ìyá náà á ṣáà máa wo ojú kámẹ́rà: "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Gbogbo ibi tó bá ti wò bẹ́ẹ̀ di gígé dànù.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ibí. Ẹ ṣe bí ẹni pé mi ò sí níbí."

"Èmi tí mo bí ẹ? Kí n wá ní o ò sí?"

"Iṣẹ́ ni, Màmá. Tẹ́ ẹ bá wò mí, ó bàjẹ́ nìyẹn."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi kọ́ ọ. Ẹni tí kò rántí àdúgbò rẹ̀ mọ́ wá mọ èyí ṣe. Á máa káṣọ, á gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀ kọjá láìwò ó. Inú Má-dá-sí-i sì ń dùn, òpònú ọkùnrin!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá náà fẹ́ ṣí fèrèsé, ìkọ́ rẹ̀ bá há. Ó fà á títí, ó bú sẹ́kún. "Wọ́n ti tì mí mọ́lé o! Kò sẹ́nì kankan nínú ilé yìí."

Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn. Iwájú kò ṣeé lọ fún Má-dá-sí-i, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Ó ṣì ń yà á lọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó pa kámẹ́rà, tó lọ ṣí fèrèsé náà, tó kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀.

"Màmá, èmi ni. Ọmọ yín ni."

Ìyá náà nujú, ó kọjú sí ògiri.

"Mo ti pa kámẹ́rà, Màmá. Iṣẹ́ ti tán. Ẹ wò mí." Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

Ìyá náà rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Jọ̀ọ́, má bá mi sọ̀rọ̀," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. "Ọmọ mi ní kí n má wo ibẹ̀ yẹn. Tí mo bá wò ó, iṣẹ́ ọmọ mi á bàjẹ́."