Mílíìkì Tó Dédé Ki

Màlúù kì í ṣe ẹran tiwa. Ẹja la mọ̀, ọkọ̀ la mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun ọ̀sìn tán, bàbá mi, apẹja tí kò fún ọmú ẹran kankan rí, ní òun fẹ́ kí ìwé mi wúlò nílé. Ó ra màlúù òyìnbó kan, dúdú àti funfun, pẹ̀lú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ó sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn dé ẹ̀bá Mahintedo níbi tí à ń gbé. Àwọn ọmọdé ń sá fún un, àwọn àgbà náà ń sá tẹ̀lé wọn, wọ́n ní àwọn ọmọ wọn làwọn fẹ́ mú. Mo kọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe ń fún mílíìkì, mo sì padà sí Àkúrẹ́ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

Kò pẹ́ tí ariwo fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ra mílíìkì náà fún ọmọ wọn ní ó ṣàn jù. Mílíìkì inú agolo ló ti mọ́ wọn lára, èyí tó máa ń rọra fà jáde níbi tí a bá fi ìṣó lu. Ọ̀kan nínú wọn bi bàbá mi pé, “Bàbá, òótọ́ ni pé omi pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ṣé dandan ni kó wọnú mílíìkì?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Bàbá wọra. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lórí ibi tí oníkálukú ń dẹ àwọ̀n sí, òun ni wọ́n ń pè kó wá sọ bó ṣe rí, ohun tó bá sì sọ, abẹ gé e nìyẹn. Ó pè mí lórí fóònù. Mo ṣàlàyé pé mílíìkì màlúù funfun tàwọn Fúlàní kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rá wà nínú rẹ̀ dáadáa; irú tiwa yìí ló máa ń dà gbuurugbu tí ọ̀rá rẹ̀ kì í tó nǹkan. Èyí tó kọ́kọ́ jáde lọ́jọ́ tó bímọ ki, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ṣùgbọ́n bó bá ti ń wọ oṣù kejì, tí ọmú kún jù lọ, ìgbà náà ló ń ṣàn jù. Ooru etíkun wa sì ń mú màlúù náà mí hẹlẹhẹlẹ, kò jẹ́ kó jẹun tó.

“Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá. Bó bá kù díẹ̀ kí ọmú rẹ̀ gbẹ, ó máa ki.”

Ó ní, “Wọ́n ní o kàn fi ìwé ṣòfò ni.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n máa wí.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo wálé. Àwọn ìyá pé síwájú ilé wa pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, tẹ̀ríntẹ̀rín. Bàbá jókòó sórí pákó, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ìyá tó fi omi ṣe yẹ̀yẹ́ ló kọ́kọ́ kí mi.

“Káàbọ̀ o, ọmọ wa! A ti bẹ bàbá rẹ. Mílíìkì yín ti ki báyìí! Bí mo bá gbé e kaná, á máa fà, ṣíbí ni ọmọ mi fi ń jẹ ẹ́.”

Ẹnu mi yìí! Mo rò pé àwọn tó ń bá Bàbá fi ọkọ̀ gbé mílíìkì kiri tà ló ń ṣe màgòmágó, mo sì fẹ́ fi hàn pé mo gbọ́n. Mo bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yin ìyá mi, wọ́n ń tàn yín ni o. Irú màlúù yìí, tí kò tíì pẹ́ tó bímọ, nínú ooru yìí? Mílíìkì rẹ̀ kò lè ki. Kò tiẹ̀ sí mílíìkì tó ń fà báyẹn lórí iná, sítáàṣì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wádìí ẹni tó ń bù ú sí i.”

Wọ́n kọjú sí Bàbá. Èmi náà wo ibẹ̀, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi, mo sì rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lórí àwọ̀n.

Yéè! Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ní bóyá mo ṣì í sọ, bóyá koríko tó jẹ ni. Mo ń kálòlò.

“Má purọ́ nítorí mi,” Bàbá wí. Ó dìde. “Èmi ni mo bù ú sí i. Ẹ ń sọ pé ọmọ mi fi ìwé ṣòfò, mi ò sì lè gbà á mọ́ra. Òótọ́ lohun tó sọ. Òun ni kí ẹ máa gbà gbọ́.”

Wọn kò bú u. Ì bá sàn kí wọ́n bú u. Wọ́n gbé abọ́ wọn, wọ́n lọ níkọ̀ọ̀kan. Mo dúró sórí pákó yẹn, mi ò lè wo ojú bàbá mi.

Nísinsìnyí, bí ewúrẹ́ ẹnikẹ́ni bá ń ṣàìsàn, èmi ni wọ́n ń pè. Ohun tí mo bá wí, wọ́n á gbà, ojú á sì máa tì mí. Bí mo bá wálé tí mo tẹ̀lé Bàbá lọ sébùúté, ẹja rẹ̀ ṣì máa ń ta pútúpútú nínú ọkọ̀, síbẹ̀ àwọn ìyá náà á gbé e sún mọ́ imú kí wọ́n tó rà á. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀. Bàbá kì í tiẹ̀ dúró dè wọ́n mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e sí wọn nímú.