Ojú-Ewé Tí Wọ́n Tì Mọ́ Ẹ̀gbọ́n Adékànbí

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí léèrè ìyanṣẹ́lódì àwa olùkọ́ láyé àtijọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìjà tó kẹ́yìn fún yín, èyí tí a kò borí.

Ẹ̀gbọ́n Adékànbí ló kọ́ mi níṣẹ́ ẹgbẹ́ olùkọ́ ní Sakété. Pobè ló ń gbé báyìí. Ojú rẹ̀ fọ́ lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ kò yéé wá ìwé nípa ìtàn ìran wa, àwa Ọ̀họ̀rí. Ilé-ìkàwé ńlá kan wà ní olú-ìlú tí àkójọ orúkọ ìwé rẹ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ojú-ewé méjì ni a lè gbà wọ inú rẹ̀. Ti àtijọ́ kò ní ju ọ̀rọ̀ lásán lọ. Fóònù ẹ̀gbọ́n á máa kà á sókè ní ìlà-ìlà. Tuntun kún fún àwòrán. Bí fóònù bá débẹ̀, "bọ́tìnì, bọ́tìnì" nìkan ló ń wí.

Nígbà tí wọ́n kéde pé àwọn yóò ti ojú-ewé àtijọ́ pa, àwa olùkọ́ àtijọ́ mọ́kànlá gbé pátákó, a lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ka wọn ní Pobè láti àárọ̀. Lọ́sàn-án, ọmọbìnrin tó ń bójú tó ibẹ̀ jáde sí wa.

"Ẹ má bínú, bàbá. Tuntun yìí dára jù, ó láwọ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Àwọ̀ wo lo fẹ́ fi han afọ́jú, ọmọ mi?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Òkè ni àṣẹ ti wá, bàbá. Kò sí lọ́wọ́ mi."

"Ta ló wà lókè?" ni mo bi í.

Kò mọ̀. Ó gba ìwé ẹ̀hónú wa, ó lu òǹtẹ̀ sí i. Òǹtẹ̀ yẹn nìkan la jèrè. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ti ojú-ewé àtijọ́ pa.

Wọ́n ní ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ èrò ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. N kò mọ ọgbọ́n tí mo fẹ́ kọ́ yín. Láyé ìyanṣẹ́lódì, a mọ ilé ẹni tí à ń bá jà.

Ọjọ́bọ̀-Ọjọ́bọ̀ ni mo ń lọ ka àkójọ náà fún ẹ̀gbọ́n báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bi mí pé, "Àbúrò, kí ló tún wà nísàlẹ̀?" Ojú ti ń ro mí, ọkọ̀ Sakété sì ti fẹ́ lọ.

"Ó tán, ẹ̀gbọ́n."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìwé mẹ́tàdínlógún ló kù.