Abọ́ Ọ̀fẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú mi, ẹ gbé abọ́ onírọ́bà tí wọ́n tẹ nǹkan sí lára wá síwájú mi. Àwọn ọmọ mi ti mọ̀. Bí wọ́n bá gba irú rẹ̀ lóde ìnáwó, ilé aládùúgbò ni wọ́n ń gbé e sí. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ á ní orí mi ò pé, ẹ jẹ́ kó máa wí.

Nọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà ní ilé ìtọ́jú kékeré kan ní Ìlọra. Àjọ aláàánú kan láti òkè òkun ló ń fún wa ní oògùn àti irinṣẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, iṣẹ́ wọn dáa. Obìnrin tí ọmọ bíbí ti sú á gun ọ̀kadà wá láti Akínmọ̀ọ́rìn, a ó ki rọ́bà méjì tó tín-ín-rín bí igi ìṣáná bọ abẹ́ awọ apá rẹ̀, kò sì ní lóyún fún ọdún bíi mélòó kan, àfi tó bá ní ká yọ ọ́. "Alápá" ni wọ́n ń pè é láàárín ara wọn.

Àwa Yorùbá ló wá ba nǹkan jẹ́. Ọ̀gá tí àjọ náà fi ṣe olórí wa láti Ìbàdàn ní kò bójú mu kí èèyàn wá sọ́dọ̀ wa kó padà lọ́wọ́ òfo. Ó ní, "Ṣé a lè ṣe nǹkan ká má fún èèyàn lẹ́bùn ni? Ṣé òyìnbó ni wá?" Ló bá ní kí wọ́n ṣe abọ́ onírọ́bà, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára: MO TI FÈTÒ SỌ́MỌ BÍBÍ. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn kan ń yọ́ wá bá wa ni o." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin náà fẹ́ràn wàhálà." Ẹ gbọ́ o! Èmi ni mo fẹ́ràn wàhálà.

Nínú àwọn tó ń yọ́ wá ni obìnrin kan tó ń yan gààrì. Ọmọ mẹ́rin ló bí, obìnrin ni gbogbo wọn. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé àbíkẹ́yìn wọn jáde, ẹ̀jẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Dókítà l'Ọ́yọ̀ọ́ sọ fún òun àti ọkọ rẹ̀ pé bó bá tún lóyún, ó lè má dìde. Ọkọ, àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́, ní Ọlọ́run ju dókítà lọ, òun kò tíì ní ọmọkùnrin. Obìnrin náà di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, mi ò fẹ́ kú. Ẹ má jẹ́ kó mọ̀." Mo fi alápá sí i. Nígbà tó ń lọ, mo ní kó fi abọ́ sílẹ̀. Ó ní rárá, abọ́ gidi ni, òun á máa fi bu gààrì. Kò mọ̀wé kà, mo ka ohun tó wà lára rẹ̀ sí i létí. Ó ní òun á fi iyanrìn ha á kúrò.

Ó ha á tì. Ló bá dojú abọ́ dé sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Níbẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti rí i ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Òun náà kò mọ̀wé. Ó po gààrì sínú rẹ̀, ó gbé e jókòó síwájú ilé láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tó jókòó kọjú sí i ló kà á sókè, ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Baálé, ṣé ìwọ náà ti fètò ni? Àṣé wọ́n ti ti ilé mọ́ ọ síta!"

Ọkùnrin náà ju abọ́ sílẹ̀. Ó wọ ẹ̀yìnkùlé lọ bá ìyàwó rẹ̀ nídìí agbada gààrì. Ó gbá a létí, ó ta á nípàá, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ wá apá rẹ̀, torí gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́ nípa alápá, títí ó fi kan rọ́bà náà. Lójú àwọn ọmọ, ó fa abẹ yọ, ó la apá ìyá wọn. Ó fi èékánná yọ ẹyọ kan. Bó ti fẹ́ yọ ìkejì ni ọwọ́ obìnrin náà tó agbada, ló bá bu gààrì gbígbóná dà á lójú. Bó ṣe bọ́ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ wa ló sá wá. Ẹ̀jẹ̀ ti rin ìró rẹ̀ gbindin. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi òwú di ojú ọgbẹ́ ni mo gbọ́ ìró ọ̀kadà, lẹ́yìn náà ni àdá ọkọ rẹ̀ balẹ̀ sára ilẹ̀kùn. "Ẹni tó ki í bọ̀ ọ́ lápá ló máa yọ èyí tó kù! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo apá náà ni màá gé lọ!" Ẹ̀rù bà mí, ìtọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára mi. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í mọ ìgbà tí ẹ̀rù ń bà mí. Mo ní, "Ìwọ aláìníláárí yìí, wọlé wá! Obìnrin kan lo rí nà, wá na èkejì!"

Ó wọlé lóòótọ́. Ilẹ̀kùn fọ́. Mo gbé irin tí a ń so omi aláìsàn kọ́, mo là á mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Àdá kò bọ́. Ó fi gé mi léjìká, mo ṣubú lu obìnrin náà, ó tún gbé àdá sókè lórí àwa méjèèjì.

Ohùn ìyá ọkùnrin náà ni mo gbọ́. Ìyá arúgbó náà ti gun ọ̀kadà mìíràn tẹ̀lé e látilé láìwọ bàtà, èrò sì kún ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní ó parí, ọmọ rẹ̀ ló wá gbè. Ó ti èmi àti ìyàwó sẹ́yìn, ó dúró síwájú àdá.

"Èmi ni mo ní kó lọ ṣe é," ló wí. "Orí ìkúnlẹ̀ ni àbúrò rẹ obìnrin kú sí, ọwọ́ mi ló kú sí. Mi ò ní bá ẹ sin ọmọ ọlọ́mọ nítorí ọmọkùnrin."

"Ìyá, ẹ kúrò lọ́nà."

Ìyá bọ́ bùbá. Ó gbé ọmú rẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́. "Bó bá jẹ́ ọmú yìí lo mu, bó bá jẹ́ orí ìkúnlẹ̀ yìí ni mo ti bí ọ..."

"Yéè! Ìyá, ẹ má parí ẹ̀!" Gbogbo èrò káwọ́ lórí. Àwọn àgbà ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo ti ń bẹ̀rù àdá, ẹ̀rù ìyá yìí ló wá ń bà mí. Àdá bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Òun náà dojú bolẹ̀. Wọ́n fà á síta, wọ́n so ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn de ọlọ́pàá.

Kí ọlọ́pàá tó dé, ìròyìn ti dé Ìbàdàn; ọ̀gá tó ṣe abọ́ pè mí lórí fóònù, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má jẹ́ kó détí àwọn òyìnbó. Mo bú u débi pé ó pa fóònù rẹ̀.

Ẹnìkejì mi nínú iṣẹ́ di èjìká mi, èmi sì rán apá obìnrin náà. Mo yọ ẹyọ tó kù, nítorí kò lè dá iṣẹ́ ṣe. Mo ní kó lọ sinmi ná, bí ara rẹ̀ bá yá, kó padà wá. Ó mi orí. Ó ní òní lòun fẹ́ alápá tuntun, ní apá kejì, kí wọ́n sì mú ọkọ òun wọlé.

Mo ní, "Ṣé o ya wèrè ni?"

"Ẹ mú un wá, Nọ́ọ̀sì."

Wọ́n mú un wá, gààrì ṣì lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ tó ti bó. Kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà kò pariwo, kò sì sunkún.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ wò ó dáadáa. Mi ò fi ṣe ìkọ̀kọ̀ mọ́. Bẹ́ ẹ bá tún fẹ́ yọ ọ́, ọrùn mi ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Ó na apá kejì sí mi.